Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ìlera Ọpọlọ: Àlàyé lórí Ìwòsàn àti Ìbọ̀sípò

1. Ìfáàrà

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìṣòro tí ó ń dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun méjì tí kò jọra. Àpẹẹrẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni recovery. Lẹ́nu dókítà, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń túmọ̀ sí ni pé àwọn àmì àìsàn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1980 wá, àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti bá fínra ti fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Lẹ́nu tiwọn, ó túmọ̀ sí pé ènìyàn tún ń gbé ìgbé ayé tí ó ní láárí lójú ara rẹ̀ àti láàárín àwọn ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé àìsàn náà ti lọ pátápátá, ìbáà sì jẹ́ pé ó ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè nìkan. Bí àwọn ẹbí bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń bi nọ́ọ̀sì: ‘Ṣé ó ti sàn?’ Bí nọ́ọ̀sì bá dáhùn pé kò tíì sàn tán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n padà sílé láìmú ẹni wọn lọ. Bí ó bá sì dáhùn pé ó ti sàn, tí àmì kékeré kan wá yọjú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn a ní ilé ìwòsàn tan àwọn jẹ. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́nu kò lè sọ òtítọ́ tí yóò ṣe aláìsàn ní àǹfààní. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé àwọn ìpìlẹ̀ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ dúró lé lórí lóde òní, àti láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè fi sọ̀rọ̀ nípa wọn.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ipò ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn. Mẹ́rin nínú wọn yẹ fún àgbéyẹ̀wò.

(a) Sàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbajúmọ̀ jù lọ. Inú rẹ̀ ni ‘ìwòsàn’ àti ‘àìsàn’ fúnra rẹ̀ ti jáde. Ohun tí ó ń sọ ni pé àìsàn ti lọ. Àìsàn ni ojú rẹ̀ wà, kò sọ nǹkan kan nípa bí ẹni tí ó ṣàìsàn ṣe ń gbé.

(b) Gbádùn. Bí Yorùbá bá ní ẹnì kan ti gbádùn, wọ́n ń sọ nípa ara àti ìmọ̀lára ẹni náà. Ó sún mọ́ ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ mọ̀ ju ‘sàn’ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tún ń tọ́ka sí fàájì àti ìgbádùn, èyí tí ó lè da ìtumọ̀ rú nínú ìwé ẹ̀kọ́.

(d) Kọ́fẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún ẹni tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, tí okun rẹ̀ sì ń padà díẹ̀díẹ̀. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gba àkókò. Ṣùgbọ́n agbára ara ni ó dá lé.

(e) Bọ̀ sípò. Èyí ni ó gbòòrò jù. Ipò ènìyàn nínú èrò Yorùbá kò sí nínú ara rẹ̀ nìkan. Ipò ni jíjẹ́ ìyá, jíjẹ́ ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ tàbí ẹni tí wọ́n ń pè sí ìpàdé ẹbí. Kò sí ẹni tí ó lè dá ipò fún ara rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni yóò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un.

Nítorí ìdí yìí, àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí ‘ìwòsàn’ dúró fún lílọ àwọn àmì àìsàn, kí ‘ìbọ̀sípò’ sì dúró fún ìpadà ẹni náà sí ìgbé ayé tí ó nítumọ̀. Ìbọ̀sípò ní àbùkù kan tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi pa mọ́: ó lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ibi tí ènìyàn ti kúrò gan-an ni ó gbọ́dọ̀ padà sí. Ọmọ ọdún 17 tí àìsàn kọ lù kí ó tó parí ẹ̀kọ́ kò tíì ní ipò kan tí yóò padà sí. Ipò tuntun ni yóò wá. Bí olùkọ́ bá ti sọ èyí ní gbangba, ọ̀rọ̀ náà yóò wúlò.

3. Ìtàn ní ṣókí

Ní ayé ìjọba amúnisìn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pèsè fún àwọn tí ó ní àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà kì í ṣe ilé ìwòsàn, ibi ìhámọ́ ni. Ní ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ti Yábàá ní Èkó. Ète pàtàkì irú ibi bẹ́ẹ̀ ni láti kó aláìsàn kúrò lójú pópó. Ẹni tí ó ń ṣọ́ wọn kò yàtọ̀ sí wọ́dà, nítorí ìṣọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, di ibi tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó di ilé ìtọ́jú fi hàn kedere ohun tí àwọn aláṣẹ ìgbà náà rò pé àìsàn ọpọlọ jẹ́.

Àyípadà ńlá dé ní ọdún 1954. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1923, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, tí ó sì kọ́ ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, gba iṣẹ́ àkóso ilé ìwòsàn tuntun ní Aro. Iṣẹ́ ilé náà kò tíì parí. Dípò kí ó dúró de bẹ́ẹ̀dì, Lambo bá àwọn abúlé mẹ́rin tí ó wà ní àyíká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ilé wọ aláìsàn. Olúkúlùkù aláìsàn ní láti mú ẹbí kan lọ́wọ́ ó kéré tán, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sán, aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, a padà sí abúlé, níbi tí oko, ijó, ìjọsìn àti ìtàkúrọ̀sọ wà. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá kí wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, ilé ìwòsàn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa omi àti ìmọ́tótó.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ètò Aro fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èkíní, aláìsàn kò gbọdọ̀ kúrò láwùjọ kí wọ́n tó lè tọ́jú rẹ̀. Èkejì, ẹbí kì í ṣe àlejò ní ilé ìwòsàn, alábàáṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ọwọ́ àti àjọṣe jẹ́ apá kan ìtọ́jú, wọn kì í ṣe eré tí ó ń tẹ̀lé ìtọ́jú. Síbẹ̀, ètò náà ní ìṣòro tirẹ̀: ẹni tí ó tẹ̀lé aláìsàn wá ní láti fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ kí ẹbí kópa lónìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń ná wọn.

4. Ẹ̀rí pé ìbọ̀sípò ṣeé ṣe

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù kọ́ni pé ẹni tí sikisofírẹ́níà bá mú yóò máa bàjẹ́ sí i títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni. Àìsàn yìí ni ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kí ó gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ láìṣeé yí lọ́kàn padà. Ìwádìí méjì mi ìgbàgbọ́ náà jìgìjìgì.

Ìwádìí kìíní ni èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1960 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú Agra ní Íńdíà, Cali ní Kòlóńbíà, Lọ́ńdọ̀nù, Mọsíkò àti àwọn ìlú mìíràn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu: ní àpapọ̀, àwọn aláìsàn ní Ìbàdàn, Agra àti Cali ń ṣe dáadáa ju àwọn ti ìlú àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á. Àwọn kan ní ẹbí àti iṣẹ́ tí kò le koko ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé ọ̀nà àìsàn náà kò rí bákan náà níbi gbogbo.

Ìwádìí kejì ni èyí tí Courtenay Harding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Wọ́n tọ ipasẹ̀ aláìsàn 269 tí wọ́n ti wà ní ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn tí wọ́n ti kà sí ẹni tí kò lè lọ sílé mọ́. Wọ́n ti fún wọn ní ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ láti padà sí àwùjọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 32, ìdajì sí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn ni ara wọn ti yá lọ́nà tí ó hàn gbangba, tàbí tí wọ́n ti bọ̀ sípò.

Òwe Yorùbá kan sọ pé bí wèrè bá sàn tán, kì í ṣàì ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí láti fi sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ti ṣàìsàn rí: wọn kò ní gbà á síṣẹ́, wọn kò sì ní fọmọ fún un. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo òwe náà dáadáa, ọ̀rọ̀ ‘sàn’ ni ó ń sọ. Ó gbà pé nǹkan díẹ̀ lè ṣẹ́ kù lára àìsàn. Kò sọ pé ẹni tí nǹkan díẹ̀ ṣẹ́ kù lára rẹ̀ kò lè jẹ́ bàbá, aránṣọ tàbí olùkọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwòsàn àti ìbọ̀sípò ni ó tú òwe náà.

5. Ìpìlẹ̀ márùn-ún

Patricia Deegan, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ fún nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ pé sikisofírẹ́níà ni ó ń ṣe é, tí ó sì padà di onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1988 lórí ìbọ̀sípò bí ẹni tí ó là á kọjá ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1993, William Anthony ti Boston ṣe àlàyé pé ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà bọ̀ sípò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àti pé ó lè ṣẹlẹ̀ bí àìsàn kò tilẹ̀ tíì lọ. Ní ọdún 2011, Mary Leamy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí ohun márùn-ún tí ó ń jẹ yọ léraléra. Àwọn ni a lè pè ní ìpìlẹ̀ márùn-ún.

(i) Ìsopọ̀ mọ́ni. Ẹni tí kò ní ẹnì kan kò lè bọ̀ sípò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti mọ ẹni tí aláìsàn fẹ́ràn, ẹni tí ó bínú sí, àti ẹni tí ó lè tún bá rẹ́. Ìsopọ̀ náà kan àwọn ẹlẹgbẹ́ pẹ̀lú, ìyẹn àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí, tí wọ́n sì lè sọ fún un pé, ‘Mo ti dé ibi tí o wà yìí rí.’ Àbá ọ̀rọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ‘alábàárìn’.

(ii) Ìrètí. Ìrètí kì í ṣe ìpọ́nni tàbí irọ́ dídùn. Nọ́ọ̀sì tí ó sọ fún aláìsàn pé gbogbo rẹ̀ yóò tán lọ́la ń ba ìrètí jẹ́. Ìrètí ni kí nọ́ọ̀sì gbà gbọ́ pé ọjọ́ ọ̀la wà fún ẹni yìí, kí ó sì máa hùwà bí ẹni tí ó gbà á gbọ́, pàápàá ní àkókò tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò lè gbà á gbọ́ mọ́.

(iii) Ìdánimọ̀. Àìsàn ọpọlọ a máa gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláṣọ lánàá di ‘wèrè yẹn’ lónìí. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń pe aláìsàn jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Kí ó pe àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó lo orúkọ tí ẹni náà fẹ́, kí ó sì sọ pé ‘ẹni tí ó ní sikisofírẹ́níà’, kí ó má ṣe fi orúkọ àìsàn pe ènìyàn.

(iv) Ìtumọ̀ ayé. Aláìsàn a máa béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ òun ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹnì kan á ní ayé ni, òmíràn á ní àmúwá Ọlọ́run ni, òmíràn á ní ìran àwọn ni. Nọ́ọ̀sì kò ní láti gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Bí aláìsàn bá ní àdúrà ń fún òun ní ìsinmi, àyè gbọ́dọ̀ wà fún àdúrà nínú ètò ìtọ́jú, bí àyè ṣe wà fún oògùn.

(v) Ìdarí-ara-ẹni. Èyí ni pé kí aláìsàn ní ohùn lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: oògùn tí yóò lò, ẹni tí wọn yóò sọ fún, ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe bí àìsàn bá tún gbéra. Ìpìlẹ̀ yìí ni ó ṣòro jù lọ fún ilé ìwòsàn, nítorí pé ó ń gba àṣẹ díẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

6. Ìbáṣepọ̀ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́

Oníṣẹ́ abẹ ní ọ̀bẹ. Irinṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn. Hildegard Peplau, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ sọ èyí di ẹ̀kọ́ tí ó létòlétò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1952. Ó pín ìbáṣepọ̀ náà sí ìpele mẹ́rin. Ní ìpele ìmọra, àwọn méjèèjì jẹ́ àjèjì, wọ́n sì jọ ń wá ohun tí ìṣòro náà jẹ́. Ní ìpele ìfarafún, aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ní ìpele ìlò, ó ń lo gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ fún àǹfààní ara rẹ̀. Ní ìpele ìtúká, àìní rẹ̀ ti dínkù, wọ́n sì pínyà ní ìrọ̀rùn. Bí ìbáṣepọ̀ kan kò bá ní ìtúká nínú èrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú mọ́, ó ti di ìgbára-léni.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú inú wo àpẹẹrẹ yìí. Obìnrin aránṣọ kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún wà ní wọ́ọ̀dù. Oògùn ti dín ohùn tí ó ń gbọ́ kù, ṣùgbọ́n kò tíì dá a dúró. Nọ́ọ̀sì tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí jókòó tì í.

‘Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?’

‘Mo sùn, nọ́ọ̀sì. Ohùn yẹn kò tíì lọ.’

‘Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi, mà. Ṣé ó pọ̀ tó ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?’

‘Rárá o. Bí ọwọ́ mi bá dí, n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ.’

‘Kí ni ó máa ń dí yín lọ́wọ́, mà?’

‘Aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́.’

‘Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí ni ẹ̀yin fẹ́?’

‘Ẹ̀rọ mi ni mo fẹ́.’

Nínú ọ̀rọ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ọ̀sì ti rí ohun mẹ́ta tí ìwé àyẹ̀wò kò sọ: aláìsàn fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń dín ohùn náà kù, ẹ̀rù ń ba ọmọ rẹ̀, ète tirẹ̀ sì ni láti padà sídìí ẹ̀rọ. Bí ìbéèrè bá ti dúró lórí ohùn náà nìkan, ohun tí ìbá gbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n fi kún oògùn. Ní báyìí, ètò ìtọ́jú lè sọ pé kí wọ́n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí aránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kékeré fún wákàtí kan lójúmọ́ níṣojú ẹnì kan, kí wọ́n sì jọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Phil Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 nínú àwòṣe tí wọ́n fi ìgbì omi sọ lórúkọ. Òfin pàtàkì kan nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn gan-an ni kí nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ tí òṣìṣẹ́ fún un.

7. Ohun tí ìbọ̀sípò kì í ṣe

Ìbọ̀sípò kì í ṣe pípa oògùn tì. Kí chlorpromazine tó dé ní Faransé ní ọdún 1952, ìtọ́jú tí ó lè mú kí ọpọlọ rọlẹ̀ kò pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún irú àìsàn yìí. Láti inú gbòǹgbò igi kékeré kan tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀, tí ó ń hù ní Íńdíà, ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine jáde ní ọdún 1952. Oògùn wúlò. Ohun tí ẹ̀kọ́ ìbọ̀sípò sọ ni pé oògùn jẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe òpin ìrìn. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ ohun tí oògùn lè ṣe àti ìpalára tí ó lè mú wá, kí ó sì tẹ́tí bí aláìsàn bá ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n tàbí pé òun ń sanra jù.

Ìbọ̀sípò kò sì túmọ̀ sí pé kí nọ́ọ̀sì fi aláìsàn sílẹ̀ sínú ewu nítorí pé ó ní òun kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ìgbà mìíràn wà tí ẹnì kan fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, tí òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba àti ìhámọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú, ibi yòówù kí wọ́n ti lò wọ́n. Ohun tí ó kéré jù tí ó lè dáàbò bo ènìyàn ni kí wọ́n lò, fún àkókò tí ó kúrú jù. Lẹ́yìn tí ọkàn bá balẹ̀, kí nọ́ọ̀sì jókòó pẹ̀lú aláìsàn, kí ó bi í ní ohun tí ìbá ti ràn án lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni wọn yóò kọ sínú ‘àdéhùn ìṣáájú’, ìwé tí aláìsàn ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá nípa ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá.

Òfin pẹ̀lú ti ń tọ ọ̀nà yìí. Òfin tí ó wà ní Nàìjíríà láti ayé ìjọba amúnisìn, tí gbòǹgbò rẹ̀ lọ dé ọdún 1916, fi ìhámọ́ ṣe ìpìlẹ̀, orúkọ tí ó sì pe aláìsàn nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀gàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí àkọlé rẹ̀ ru ọdún 2021. Òfin yìí ka aláìsàn sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, ó sì lòdì sí ìdẹ́yẹsí. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé àánú ni òun ń ṣe nígbà tí ó bá béèrè ìyọ̀ǹda. Ojúṣe ni.

8. Àkójọpọ̀ ọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dábàá fún lílò nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì:

Àdéhùn ìṣáájú: ìwé ìfẹ́ aláìsàn nípa ìtọ́jú rẹ̀, tí ó ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá.

Alábàárìn: ẹni tí ó ti la irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kọjá, tí ó wá ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àmì ìkìlọ̀: àyípadà kékeré, bí àìrí oorun sùn, tí ó ń sọ pé àìsàn lè tún gbéra.

Ìbáṣepọ̀ aṣètọ́jú: àjọṣe nọ́ọ̀sì àti aláìsàn tí ète rẹ̀ jẹ́ àǹfààní aláìsàn.

Ìbọ̀sípò: ìpadà sí ìgbé ayé tí ó nítumọ̀, ní ipò àtijọ́ tàbí ní ipò tuntun, bí àmì àìsàn tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ìdarí-ara-ẹni: níní ohùn àti àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni.

Ìdẹ́yẹsí: ìwà ìyàsọ́tọ̀ àti ẹ̀gàn sí ẹni tí ó ṣàìsàn.

Ìfàsẹ́yìn: ìgbà tí àìsàn tún gbéra lẹ́yìn tí ó ti rọlẹ̀. Kì í ṣe òpin ìbọ̀sípò.

Ìlera ọpọlọ: ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, nítorí náà kò yẹ láti pa á dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn àti àjọṣe wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀yà ara kan lọ.

Ìwòsàn: mímú kí àmì àìsàn lọ.

9. Ìgúnlẹ̀

Láti ibi ìhámọ́ Yábàá dé àwọn abúlé Aro, àti láti Aro dé òde òní, ohun tí ó yí padà jù lọ ni ìbéèrè tí ẹni tí ó dúró ti aláìsàn ń béèrè. Wọ́dà ń béèrè bóyá ilẹ̀kùn ti tì. Òṣìṣẹ́ tí ìwòsàn nìkan ń jẹ lógún ń béèrè bóyá àmì ti lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìbọ̀sípò ń béèrè ohun tí ẹni yìí fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, ẹni tí yóò bá a ṣe é, àti ohun tí ó dínà mọ́ ọn. Bí ẹbí bá tún dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n béèrè pé, ‘Ṣé ó ti sàn?’, irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lè dá wọn lóhùn láìparọ́, láìsì lé wọn sẹ́yìn: ‘Àìsàn náà ti rọlẹ̀. Ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀ sípò, ipò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín.’